Ẹ Yẹ Ike Òògùn Yín Wò: Ọ̀rọ̀ Lórí Àìtó Bàbà Nínú Ara

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí apòògùn kan sọ fún àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ní Adó-Èkìtì. A tẹ̀ ẹ́ bó ṣe sọ ọ́, àfi àwọn ibi tí ẹ̀rín ti pọ̀ jù tí a ò gbọ́ nǹkan kan.)

Èkìtì kete, mo kí yín o! Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo júbà Kábíyèsí, Ewì Adó. Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo júbà ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, tí ẹ fi ẹfun kọ A-B-D sórí pátákó fún wa, tí ẹ sì fi pàṣán tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin tí ẹ ti Ìkéré wá, ẹ̀yin ará Ìdó, Ọ̀yẹ́, Ìjerò, Ìkọ̀lé, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ọ̀nà wa yìí, Ọlọ́run nìkan ló lè bá wa tún un ṣe. Alága, mo mọ̀ pé wákàtí kan lẹ fún mi. Ṣùgbọ́n mo ti ń gbọ́ ìró odó lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí, kò sì sí ọmọ Èkìtì tó máa gbọ́ ìró yẹn tí etí ẹ̀ á tún wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. N óò ṣe é wéréwéré kí uyán tó tutù.

Ìwé tí ẹ kọ sí mi ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa àìtó ẹ̀jẹ̀ lára àgbàlagbà. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Ibà wà níbẹ̀, aràn wà níbẹ̀, àìjẹun-dáadáa wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣe díẹ̀díẹ̀ nínú ikùn láìjẹ́ pé èèyàn fura wà níbẹ̀. Àwọn dókítà ti bá yín sọ ìyẹn tó. Igun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ dì mú lónìí, igun tí ẹnikẹ́ni kì í sábà yà sí: bàbà. Kì í ṣe ọkà bàbà o! Kópà ni mò ń wí, èyí tó wà nínú wáyà iná, èyí tí àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ fi rọ ìbòjú Ọbalùfọ̀n.

Ta ló mọ̀ nínú yín pé bàbà wà nínú ara òun? Ẹ nawọ́ sókè kí n rí i. Mo rí ọwọ́ mẹ́ta, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì sì ni gbogbo wọn.

Kékeré labẹ́rẹ́

Bí a bá kó gbogbo bàbà tó wà lára àgbàlagbà kan jọ, nǹkan bí 100 mílígíráàmù ni, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù kan. Èyí tó yẹ kó máa jẹ lójúmọ́ kò tó mílígíráàmù kan pàápàá: 0.9 ni. Aláboyún ń fẹ́ 1, abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́yàn ń fẹ́ 1.3. Bí ẹ bá gbé e sórí èékánná, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i. Ṣùgbọ́n kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fádìẹ.

Kí ló ń ṣe lára wa? Òun ló ń bá ara so okùn inú eegun àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ kí wọ́n lè yi. Òun ni ara fi ń ṣe àwọ̀ dúdú tó wà lórí irun àti lára wa. Sẹ́ẹ̀lì kò lè sọ oúnjẹ di agbára láìsí i. Iṣan ọpọlọ àti ti ọ̀pá ẹ̀yìn ń fẹ́ ẹ. Mo lè máa kà á lọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ẹ̀jẹ̀, torí ibẹ̀ ni àìtó rẹ̀ ti sábà máa ń kọ́kọ́ fojú hàn.

Lọ́dún 1928, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ E. B. Hart àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, ń fi wàrà nìkan bọ́ àwọn eku. Ẹ̀jẹ̀ gbẹ lára àwọn eku náà. Wọ́n ní ó dára, irin, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ló kù. Wọ́n fún wọn ní irin tí kò ní àdàlù kankan. Ẹ̀jẹ̀ ò padà. Wọ́n wá fi bàbà bíńtín kún irin yẹn, ara eku yá. Ṣé irin kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni? Ó wà níbẹ̀. Kí ló wá dé tí kò ṣiṣẹ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ní oko kòkó, ẹ ti rí irú ẹ̀ rí. Kòkó gbẹ, ó wà nínú àpò, sítóò kún fọ́fọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ tó máa gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rà á. Ebi ń pa onílé, ọrọ̀ sì wà ní sítóò. Bí irin ṣe ń rí nìyẹn lára ẹni tí bàbà rẹ̀ kò tó. Prótíìnì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, ceruloplasmin lorúkọ rẹ̀, bàbà sì ni wọ́n fi mọ ọ́n. Òun ló ń tún irin ṣe kó lè gun ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sínú mùdùnmúdùn eegun, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Bí bàbà ò bá sí, irin á jókòó sínú ẹ̀dọ̀. Ẹ máa mu òògùn ẹ̀jẹ̀ lọ, ẹ máa mu ún lọ, sítóò lẹ ń dì!

Ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá wa gbógun ti àrùn náà á dín kù. Nígbà míì, bí dókítà bá yẹ mùdùnmúdùn wò, ohun tó bá níbẹ̀ máa ń jọ ìbẹ̀rẹ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Ẹ wo ìpayà tí ìyẹn máa kó bá ilé kan, nígbà tó jẹ́ pé bàbà díẹ̀ ni ara ń bèèrè.

Ọ̀rá dúdú kan lórí káńtà

Ìyá kan wọlé sí kẹ́mísì mi, ọmọ rẹ̀ obìnrin dì í lápá mú. Ẹ má bi mí lórúkọ o, ìlú ẹ̀ ò jìnnà síbí. Ó ní òun fẹ́ ra òògùn ẹ̀jẹ̀, èyí tó le jù. Mo ní, "Màmá, ta ló ní ẹ̀jẹ̀ yín ò tó?" Ó fa ìwé àyẹ̀wò yọ nínú báàgì: PCV, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó lára, jẹ́ 22. Ó yẹ kí ti obìnrin tó 36. Ó ti ń mu irin láti ọjọ́ tó ti pẹ́; ó ní ìgbẹ́ òun ti dúdú bí èédú, PCV ò sún.

Mo ní kó jókòó. Bó ṣe fẹ́ jókòó, mo rí i pé ó kọ́kọ́ fọwọ́ wá àga kó tó gbé ìdí lé e, bí ẹni tí kò fọkàn tán ilẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹsẹ̀ ńkọ́?"

Ó ní, "Ẹsẹ̀ mi ò sí lára mi mọ́, ọmọ mi. Ó ń ṣe mí bí ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀, n ò sì wọ nǹkan kan. Bí wọ́n bá mú iná lálẹ́, n ò lè dá dé ilé ìgbẹ́. Bí mo bá ń wẹ̀, tí mo fọṣẹ bojú, tí mo dijú báyìí, mo ti ń lọlẹ̀ nìyẹn."

Ọmọ rẹ̀ ní àwọn ti gbé e lọ síbi àdúrà, wọ́n ní ó tẹ nǹkan. Wọ́n ti ra òróró, wọ́n ti ra àbẹ́là.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó ń ṣubú bó bá ti dijú, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè lágbára o. Iṣan tó ń gbé ìròyìn láti àtẹ́lẹsẹ̀, tó ń gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí ọpọlọ, ló ti ń bàjẹ́. Ọpọlọ ò mọ ibi tí ẹsẹ̀ wà mọ́. Bí ojú bá là, ojú á bá a wò ó. Bí ojú bá dì, ó parí. Àìtó vitamin B12 máa ń ṣe èèyàn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, àwọn dókítà sì mọ ìyẹn dáadáa. Àìtó bàbà náà ń ṣe é. Wọ́n jọra débi pé bí ẹ bá gbé àwòrán ọ̀pá ẹ̀yìn àwọn méjèèjì síwájú dókítà, kò rọrùn fún un láti yà wọ́n. Ṣé ẹ wá rí i? Ká tó ní ó tẹ nǹkan, ká kọ́kọ́ mọ nǹkan tó ń gbé mì.

Mo sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó lọ kó gbogbo ohun tí màmá ń lò nílé wá, gbogbo ẹ̀ pátá, títí dé èyí tí wọ́n rà nínú bọ́ọ̀sì. Ó padà dé tòun ti ọ̀rá dúdú kan. Mo dà á sórí káńtà. Àgbo wà níbẹ̀ nínú ike omi. Òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀. Ike mẹ́ta ló mú kí n gbé awò mi sójú. Èkíní, vitamin àwọn àgbà: síǹkì, èròjà kan tí ara ń fẹ́ díẹ̀ bíi ti bàbà, 15 mílígíráàmù. Èkejì, síǹkì lásán, 50 mílígíráàmù, ó ń lo ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Ẹ̀kẹta, wọ́n ní tirun àti èékánná ni: síǹkì 25. Mo kọ wọ́n sẹ́yìn páálí: 15, 50, 50, 25. Mo ní kí ọmọ rẹ̀ rò wọ́n pọ̀.

Ó ní, "140."

Síǹkì tí obìnrin nílò lójúmọ́ jẹ́ 8, ti ọkùnrin jẹ́ 11. Èyí tó pọ̀ jù tí àgbàlagbà lè máa lò lójoojúmọ́ láìséwu jẹ́ 40. Màmá ń gbé 140 mì! Láti ìgbà wo? Láti 2020, nígbà kòrónà, tí gbogbo fóònù ń pariwo pé síǹkì ni, síǹkì ni. Kòrónà kásẹ̀ nílẹ̀, màmá ò dáwọ́ dúró. Ta ló ní kó dúró? Kò sẹ́ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí mo wá sọ gan-an nìyí. Ní ilẹ̀ wa níbí, bí ẹ bá rí àgbàlagbà tó ń jẹun dáadáa, tí bàbà ò wá tó lára rẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ yẹ ìkòkò ọbẹ̀ wò. Ike òògùn ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Bí síǹkì ṣe ń lé bàbà jáde

Ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ẹ gbọ́ tiyín. Bí síǹkì bá pọ̀ jù nínú ìfun, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó bo inú ìfun á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe prótíìnì kan ní rẹpẹtẹ láti dì í mú. Metallothionein ni wọ́n ń pe prótíìnì náà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó fi ń di bàbà mú le ju èyí tó fi ń di síǹkì lọ. Bàbà tó bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́, kò ní jẹ́ kó kọjá sínú ẹ̀jẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, sẹ́ẹ̀lì yẹn á bó dànù, á bá ìgbẹ́ lọ, tòun ti bàbà inú rẹ̀. Kí màmá jẹ ẹ̀wà, kó jẹ ẹ̀dọ̀, kó jẹ ohun tó wù ú, ilé ìgbẹ́ ló ń bọ́. Bí a bá ní ká jẹ èkuru kó tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sínú àwo. Ẹ̀jẹ̀ la ní à ń wá, síǹkì la ń gbọn sí i láàárọ̀ lálẹ́.

Wọ́n ti rí i tipẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tó ní sickle cell, fòníkú-fọ̀ladìde. Lọ́dún 1978, Ananda Prasad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa ẹni kan tó ní àìsàn yẹn, tí wọ́n ń fún ní síǹkì fún ìgbà pípẹ́ láti fi tọ́jú rẹ̀. Bàbà rẹ̀ wálẹ̀. Wọ́n fún un ní bàbà, ara rẹ̀ bọ̀ sípò. Bẹ́ẹ̀ ni Prasad yìí kan náà ló jà fitafita kí ayé tó gbà pé síǹkì ṣe pàtàkì fún ara èèyàn. Ẹni tó mọyì síǹkì jù ló kìlọ̀ rẹ̀ fún wa!

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo eyín àtọwọ́dá, ẹ máà wolẹ̀, mo ti rí yín. Lọ́dún 2008, àwọn dókítà ní Texas kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tí ẹsẹ̀ wọn ń kú, tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò tó, tí síǹkì sì ga lára wọn, tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti ń wọlé. Ibo ló ti ń wọlé? Nínú ìpara tí wọ́n fi ń lẹ eyín mọ́ èrìgì ni! Wọ́n ń lò ó ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń yọ́ lọ sínú ọ̀fun díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́, fún ọdún púpọ̀. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ ka ara páálí rẹ̀ bí ẹ bá délé.

Àwọn dókítà pàápàá máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi síǹkì dènà bàbà. Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní Wilson, tí bàbà ń kó jọ pelemọ sínú ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ. Síǹkì wà lára òògùn rẹ̀. Ohun tó jẹ́ ìwòsàn fún ẹni yẹn ni màmá wa ń ṣe fún ara rẹ̀ láìmọ̀.

Kí ló wá gbẹ̀yìn màmá? N ò ta nǹkan kan fún un. Mo kọ ìwé sí dókítà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó di Èkó, torí kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti ń yẹ bàbà wò, owó rẹ̀ ò sì kéré. Bàbà ti lọ sílẹ̀ gan-an, síǹkì ga. B12 rẹ̀ pé, kò jẹ̀bi. Wọ́n gba síǹkì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún un ní bàbà. Kò pé oṣù mẹ́ta tí PCV fi gòkè. Ẹsẹ̀ ńkọ́? Ẹsẹ̀ ò bàjẹ́ sí i, ó tiẹ̀ sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pá ṣì wà lọ́wọ́ màmá títí dòní. Bó ṣe sábà máa ń rí nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ máa ń tètè padà. Iṣan, èyí tó bá rí padà ló rí padà. Bí ẹsẹ̀ bá ti ń kú, tó ń ṣe yín bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀, ẹ má dúró de ìgbà tí ẹ máa ṣubú.

Ẹ má gbà mí sódì o. Kí ẹnikẹ́ni má délé lọ wí pé apòògùn ní síǹkì burú. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe ọmọ-ọmọ yín, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF fẹnu kò lé e lọ́dún 2004: omi ORS, ìyẹn omi oníyọ̀ àti ṣúgà, àti síǹkì 20 mílígíráàmù lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 10 ni tirẹ̀. Ó ń gba ẹ̀mí là. Ẹ fún un kó pé, kẹ́ ẹ sì dúró. Ọjọ́ mẹ́rìnlá kì í ṣe ọdún mẹ́rin. Àti pé, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àìtó ẹ̀jẹ̀ tí ẹ máa rí ní Èkìtì yìí, bàbà ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Bí dókítà bá fún yín ní irin, ẹ lò ó. Ìgbà tí ẹ bá lò ó, tí kò sún, ni kí ẹ rántí mi.

Àwọn mìíràn tó yẹ kó ṣọ́ra

N óò sáré kọjá níbí. Inú ikùn àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun la ti ń gba bàbà sára jù. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n ti gé lára ikùn rẹ̀ rí, yálà nítorí ọgbẹ́ inú tàbí kí sísanra rẹ̀ lè dín kù, bàbà rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nígbà tí kò tiẹ̀ rántí iṣẹ́ abẹ mọ́. Ẹ máa sọ ọ́ fún dókítà, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ẹni tí wọ́n ń bọ́ láti ojú iṣan fún ìgbà pípẹ́ náà ń fẹ́ àmójútó.

Àwọn ọmọdé ńkọ́? Lọ́dún 1964, Cordano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé láti ìlú Lima, ní Peru, nípa àwọn ọmọ tí ebi ti hàn léèmọ̀, tí wọ́n wá ń fi wàrà bọ́ padà. Àwọn ọmọ náà ń sanra, ẹ̀jẹ̀ wọn ò tó, eegun wọn ń rọ. Bàbà ló kù. Wàrà màálù ní bàbà díẹ̀ gan-an. Nítorí náà, ẹ̀yin màmá àgbà tí wọ́n ń fi ọmọ sílẹ̀ fún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ má fi wàrà màálù ṣe oúnjẹ rẹ̀. Ọmú ìyá rẹ̀ dára jù ú lọ, bàbà inú rẹ̀ tètè ń wọ ara ọmọ. Bó bá sì tó oúnjẹ jẹ, ẹ má fi ògì funfun nìkan tì í lọ́rùn, ẹ wá ẹ̀wà sí i.

Àrùn kan tún wà tí wọ́n ń bí mọ́ ọmọ, ọmọkùnrin ló sábà máa ń mú. John Menkes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1962. Bàbà ò lè kọjá láti ìfun ọmọ náà. Irun rẹ̀ á le, á wé mọ́ra, àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣá. Gìrì á máa mú un. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Ó ṣọ̀wọ́n gidigidi. Mo dárúkọ rẹ̀ torí mo mọ orúkọ tí àwa máa sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ níbí, àti ohun tí àwọn kan máa ṣe sí òkú rẹ̀.

Inú ọbẹ̀ wa

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ oúnjẹ, mo rí i pé ojú yín ti là.

Ta ló ti fọ́ ìgbín rí? Gbogbo yín! Ẹ rántí omi tó máa ń jáde nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ ìdí rẹ̀, kí ẹ tó fi álọ́ọ̀mù bọ ìyókù. Ẹ wò ó dáadáa nígbà míì. Ẹ gbà á sínú àwo funfun, ẹ gbé e sí ìta fún ìgbà díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Ẹ máa rí i pé ó ní àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Bàbà nìyẹn! Ẹ̀jẹ̀ tiwa pupa torí pé irin ló ń gbé afẹ́fẹ́ fún wa; ẹ̀jẹ̀ ìgbín ń di búlúù torí pé bàbà ló ń gbé tirẹ̀. Alákàn àti edé bákan náà. Omi ẹ̀rọ̀ tí àwọn ọlọ́bàtálá ń lò láti ayébáyé, bàbà wà nínú rẹ̀, ìwé kankan ò tíì sọ fún wọn. Mo ti rí ọmọ yunifásítì tó ń jiyàn ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi fọ́ ìgbín fúnra rẹ̀.

Ẹ̀dọ̀ màálù ni olórí gbogbo wọn. Ègé tó tó gíráàmù 85 ní nǹkan bí 12 mílígíráàmù bàbà, ìyẹn ju ohun tí ara nílò fún ọ̀sẹ̀ kan lọ. Nítorí náà, ẹ má sọ ọ́ di oúnjẹ ojoojúmọ́; ègé kékeré lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó. Aláboyún ní láti rọra ṣe é nítorí vitamin A tó pọ̀ nínú rẹ̀. Kájú, tó ń jábọ́ káàkiri nílẹ̀ wa yìí: ẹ̀kúnwọ́ kan, bíi gíráàmù 28, ní 0.6, ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí ẹ nílò lójúmọ́. Ẹ̀wà, ẹ̀pà, ègúsí, yànmọtí, olú tí àwọn ọmọ ń já nínú oko lẹ́yìn òjò, gbogbo wọn ní in. Kòkó náà ní in gan-an. À ń gbìn ín, à ń tà á, à ń ra ṣokoléètì lọ́wọ́ òyìnbó fún ọmọ-ọmọ.

Uyán ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ máa bèèrè. Iṣu ní díẹ̀. Ọbẹ̀ ló ń gbé e. Ẹni tó bá ń fi ègúsí àti ìgbín jẹ uyán, tí kò sì gbé síǹkì 140 lé e, kò sí ìdí tí bàbà rẹ̀ ò fi ní tó.

Èyí tó ń pani

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti fín kòkó rí mọ kópà súlífeètì, òkúta búlúù tí a ń pò mọ́ ẹfun, kí kòkó má baà dú lórí igi. Bàbà ni òun náà. Ẹ má jẹ́ kó kan ẹnu. Bí èèyàn bá gbé e mì, á bó inú ikùn, á fọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa, á ba kíndìnrín jẹ́. Ìwé ìwádìí ti jáde láti 1989 nípa àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kú nígbà tí wọ́n mu omi ẹ̀mí tí wọ́n po kópà súlífeètì sí. Omi aláwọ̀ ewé tàbí búlúù tí ẹnikẹ́ni bá gbé fún yín pé kí ẹ mu, ìbáà ṣe wòlíì, ìbáà ṣe babaláwo, ẹ dá a padà.

Ìbéèrè

*Bàbá kan láti ẹ̀yìn:* Apòògùn, bí mo bá jẹ ìgbín púpọ̀, ṣé ewú orí mi á di dúdú?

Bàbá mi, rárá o! Ewú ọjọ́ orí ni tiyín, bàbà ò lè ṣe nǹkan kan sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ ìgbín yín.

*Màmá kan níwájú:* Mo ní ẹ̀gbà bàbà tí mo wọ̀ fún làkúrègbé. Ṣé ó ń wọ ara?

Mo rí i lọ́wọ́ yín, ó rẹwà. Wọ́n ti dán irú ẹ̀ wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lára àwọn aláìsàn oríkèé-ríro, èsì rẹ̀ jáde ní 2013: kò yàtọ̀ sí ẹ̀gbà lásán. Ẹ wọ̀ ọ́ fún ẹ̀ṣọ́, màmá.

*Alága:* Kí ẹni tó ní síǹkì nílé báyìí ṣe kí ni?

Ẹ ṣeun, Alága. Bó bá jẹ́ pé dókítà ló kọ ọ́ fún yín, ẹ padà lọ bá a, kí ẹ bi í léèrè ọjọ́ tí ẹ máa dúró. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ rà á fúnra yín, ẹ ro gbogbo ike tó wà nílé pọ̀. Bó bá ju 40 lọ lójúmọ́, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ má sì sáré lọ ra òògùn bàbà láti fi dí i; dókítà ló máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kó tó sọ iye tí ẹ máa lò. Akọ̀wé ti bá mi gbé tábìlì kan sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá ní ike òògùn nínú báàgì, kó mú un wá ká jọ kà á. Ẹni tí awò rẹ̀ wà nílé, èmi á kà á fún un. Ẹ ṣeun púpọ̀.